Ìpàkọ́ Onípàkọ́ Là Ń Rí

Òwe tí àwọn Yorùbá máa ń pa pé "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni" dúró lórí ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú: iwájú ni ojú wà, ẹ̀yìn ni ìpàkọ́ wà, nítorí náà ibi tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń rí kedere lára ènìyàn ni òun fúnra rẹ̀ kò lè rí. Ìwà ni ìpàkọ́ inú òwe yìí dúró fún, pàápàá àbùkù tó ti mọ́ni lára débi pé a kì í fura sí i mọ́, bí ahun ṣe máa ń pe ìháwọ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n ìnáwó.

Nínú ìwé *Knowledge, Belief and Witchcraft* tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé jáde ní ọdún 1986, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n ṣàlàyé pé ìmọ̀ ni ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, nígbà tí ìgbàgbọ́ jẹ́ ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí a sì gbà. Bí a bá fi ìyàtọ̀ yìí wo òwe náà, a óò rí i pé ènìyàn lè ní ìmọ̀ nípa ìpàkọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ló kù fún un nípa tirẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní ṣebí jígí wà, iwájú ni jígí kan ṣoṣo ń fi hàn. Àfi kí onígbàjámọ̀ gbé òmíràn sẹ́yìn oníbàárà rẹ̀. Àṣàrò, ìyẹn kí ènìyàn gbé ìwà ara rẹ̀ yẹ̀ wò, ni jígí iwájú. Ọ̀rọ̀ ẹnìkejì ni jígí ẹ̀yìn. Síbẹ̀, ẹni tó rí ìpàkọ́ kò rí inú: ó lè mọ̀ pé ìṣe kan dun òun, ṣùgbọ́n oníṣe ló mọ èrò tó bí i, ìdí nìyí tí ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀rí aráyé fi gbọ́dọ̀ pàdé kí a tó lè sọ pé ènìyàn mọ ara rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kì í ṣe onípàkọ́, nítorí náà òwe yìí kò ka ìbáwí léèwọ̀, ó sọ ọ́ di gbèsè: ẹni tó rí àbùkù ẹnìkejì jẹ ẹ́ ní òótọ́ tí etí lè gbà, ẹni tí a sì ń bá wí yóò tẹrí ba, bí ẹni tí wọ́n ń gẹ irun ìpàkọ́ rẹ̀.