Ọmọ Tí A Bá Iná ní Orí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí lè dàbí ohun kékeré lójú àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n kò kéré lójú ọmọ tí ó bá kàn. Bí olùkọ́ bá rí iná orí lára ọmọ kan nínú kíláàsì, ó ha tọ́ kí ó lé e lọ sí ilé lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn ìyókù má baà kó o?

Àwọn tí ó ní ó tọ́ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ọ̀pọ̀ jìyà nítorí ẹnì kan. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti ṣe é ní òfin pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà wá títí a kò fi ní rí ẹyin iná kan ṣoṣo ní orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ọmọ lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ irú kòkòrò tí iná orí í ṣe.

Iná orí kò ní ìyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tọ. Rírìn ni ó ń rìn láti orí kan dé èkejì nígbà tí orí bá kan orí, níbi eré tàbí lórí ibùsùn. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jábọ́, kì í sábà yè ju ọjọ́ 2 lọ. Orí tí a fọ̀ kò lè kọ̀ ọ́, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀bùn. A kò sì mọ̀ ọ́n mọ́ gbígbé àrùn kiri bí iná aṣọ, èyí tí Charles Nicolle fi hàn ní Túnísì ní ọdún 1909 pé òun ni ó ń gbé ibà táífọ́ọ̀sì láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Nígbà tí a bá sì fi máa rí iná ní orí ọmọ, ó sábà máa ń ti wà níbẹ̀ fún bí oṣù kan. Èrè kí ni ó wà nínú lílé e ní ọjọ́ náà? Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, nínú ìmọ̀ràn wọn ti ọdún 2022, fi ní kí a má ṣe gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí iná orí.

Ìtìjú a máa kọ́ òbí ní ìfipamọ́. Ìyá tí a ti fi ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní sọ fún aládùúgbò mọ́, ohun tí a bá sì fi pamọ́ ni í ràn. Àwa gbà pé níhìn-ín, àánú àti ọgbọ́n kò takò ara wọn.

Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe àìbìkítà. Àwọn baba wa ní, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí òbí tú irun ọmọ, kí ó fi omi rin ín, kí ó sì fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ yà á láti ìdí dé ṣóńṣó, ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí ó bá lo oògùn bí permethrin, kí ó tún un lò ní ọjọ́ kẹsàn-án, nítorí ẹyin tí oògùn àkọ́kọ́ kò pa yóò ti di iná nígbà náà. Kí a wo orí gbogbo ará ilé. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe da kẹrosíìnì sí orí ọmọ: ó lè gbiná, ó sì lè ba awọ orí jẹ́.

Ní ti olùkọ́, kí ó jẹ́ kí ọmọ náà jókòó títí agogo ìparí yóò fi lù, kí ó sì rán ìwé sí òbí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iná orí yóò lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá sọ ọmọ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a dàgbà.