Ìrìn Àfẹ́ Ọmọ Ilé-Ìwé Nílẹ̀ Òkèèrè: Ǹjẹ́ Ó Tọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé tí ọmọ ti lọ kàwé lókè òkun. Ọmọ yóò fi àwòrán ránṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Yóò dúró níwájú afárá kan ní London, yóò wọ ẹ̀wù òtútù, yóò máa rẹ́rìn-ín. Inú ìyá yóò dùn. Ṣùgbọ́n bàbá yóò béèrè pé: "Ṣé ìwé la rán an lọ kà, àbí ìran la rán an lọ wò?"

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì.

Àwíjàre bàbá fìdí múlẹ̀. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa pé ní ọjọ́ ìṣírò, a ó bi ẹ̀dá léèrè ohun tí ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe, ohun tí ó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe, ibi tí ó ti rí owó rẹ̀ àti ibi tí ó ná an sí. Bí a ó bá bi olówó léèrè owó ara rẹ̀, mélòó-mélòó ni ẹni tí ń ná owó ẹlòmíràn? Owó tí òbí ta ilẹ̀ kí ó tó rí, àmáànà ni lọ́wọ́ ọmọ. Òbí fi rán an níṣẹ́ ni, kò fi ta á lọ́rẹ.

Ọmọ náà kò ṣàìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nínú Súrátù Ankabúútì, áyà 20, Ọlọ́hun pàṣẹ kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á sì wo bí Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá. Ọmọ ọdún 21 ni Ibn Battuta nígbà tí ó kúrò ní Tangier ní 1325 láti lọ ṣe Hájì. Nǹkan bí ọdún 29 ni ó fi rìn káàkiri, ó sì dé ilẹ̀ Mali. Àwọn àgbà wa náà ni wọ́n wí pé ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọ tí ó lo ọdún kan nílẹ̀ àjèjì tí kò mọ̀ ju yàrá rẹ̀ àti kíláàsì lọ, kí ni yóò ròyìn bí ó bá dé?

Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kò sọ ọ́ láti òkèèrè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni a lọ kàwé gba oyè kejì ní Manchester. Ìyá wa, tí ó ń ta aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn, ta ilẹ̀ kan, ó sì tún yá owó nínú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, a wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí London nígbà tí fóònù dún.

"Níbo lo wà, ọmọ mi?"

"Ilé ìkàwé ni mo wà, mà."

"Ìwé náà á yé ọ o. Ọlọ́hun á là ọ́ níyè."

Ní ọjọ́ náà, a ya àwòrán níwájú Big Ben, a yà lórí Tower Bridge. A gba ẹ̀bá British Museum kọjá, níbi tí ọ̀kan wà nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ọ̀fẹ́ ni àtiwọlé, ṣùgbọ́n a kò wọlé. Àkókò ń lọ, àwòrán tí a fẹ́ yà sì kù.

Nígbà tí a dé mọ́sáláṣí ńlá Regent's Park láti kí ìrun Àílà, a fẹ́ dín in kù sí rákà méjì gẹ́gẹ́ bí onírìnàjò, nítorí London jìnnà sí Manchester ju nǹkan bí kìlómítà 80 tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti gún wa lọ́kàn. Ní ìlànà Imáàmù Máálíkì tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀lé, ẹni tí ó rin ìrìn ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí ìrọ̀rùn yẹn. Ǹjẹ́ ìrìn ẹ̀ṣẹ̀ ni tiwa? A rò ó títí. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú afárá, kò sí nínú odò Thames. Irọ́ tí a pa fún ìyá ni ẹ̀ṣẹ̀, àwa fúnra wa ni a sì gbé e wọ inú ọkọ̀. A dín ìrun náà kù, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀.

Ní alẹ́, a pe ìyá wa, a jẹ́wọ́. Kò bínú bí a ti rò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "O dé London. Kí lo rí?" A bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ibi tí a ti ya àwòrán. Ó tún ní: "Mo ti gbọ́. Kí lo wá rí?" A kò ní èsì. Ìbéèrè yẹn dùn wá ju ìbáwí lọ.

Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a sọ fún un ṣáájú pé a fẹ́ lọ sí Liverpool, tí kò jìnnà sí Manchester. A sọ iye owó ọkọ̀, a sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé a ti parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní: "Máa lọ, kí o sì bá mi wò ó dáadáa."

A wọ ilé àkójọ ìtàn òwò ẹrú tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2007, nítorí ìlú náà jẹ gidi nínú òwò tí ó kó àwọn èèyàn wa lọ. Lẹ́yìn náà, a dé Brougham Terrace. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò Òyìnbó kan tí ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, William Henry Quilliam, tí a mọ̀ sí Abdullah, ti ṣí mọ́sáláṣí ní 1889. Òun kan náà ni ó wá sí Èkó ní 1894 gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súlútáànì ilẹ̀ Túrkì, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sáláṣí tí Mohammed Shitta kọ́. Ọ̀dọ̀ Súlútáànì yẹn ni oyè "Bey" ti wá. Quilliam kúrò ní Liverpool ní 1908, ìjọ rẹ̀ túká, ilé náà sì di ọ́fíìsì ìjọba. Ọdún 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí fún ìrun.

Nígbà tí a ròyìn èyí fún ìyá wa, ó pariwo: "Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ti Martins Street? Ẹ̀bá ibẹ̀ ni mo máa ń gbà bí mo bá lọ ra aṣọ ní Balógun!" Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń kọjá níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní láti dé Liverpool kí àwa méjèèjì tó mọ ohun tí ó wà ní Èkó.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà, ìjọba Nàìjíríà jẹ́ kí náírà wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Kí ọdún náà tó parí, iye náírà tí a fi ń ra pọ́n-ùn kan ti di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Owó ilé-ìwé wa ṣì kù. A pa ìrìn tì, a sì ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n wákàtí tí òfin fi àyè rẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wa. Bí ìrìn bá tọ́ ní oṣù Karùn-ún tí kò sì tọ́ ní oṣù Kẹfà, a jẹ́ pé ìrìn fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ń bá wí. Àmáànà ni.

Ẹlòmíràn lè wí pé àwọn òbí kan kò ní gbà láéláé, bí ọmọ tilẹ̀ ṣàlàyé títí. A gbà bẹ́ẹ̀. Bí owó bá jẹ́ ti òbí, kí ọmọ jókòó. Ìlú kì í sá lọ. Bí ó bá jẹ́ owó tí ọmọ fi òógùn ara rẹ̀ wá, tí owó ilé-ìwé sì ti pé, ó lè lọ, ṣùgbọ́n kó má purọ́. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ rántí pé òbí tí ń fi ìbínú pàdé gbogbo òtítọ́, irọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Jímọ̀, bi ara rẹ léèrè: ǹjẹ́ mo lè sọ ibi tí mò ń lọ fún ẹni tí ó rán mi wá? Bí o bá sì padà dé, bi ara rẹ ní ohun tí ìyá wa bi wá: kí lo wá rí?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọkàn wa máa ríran pẹ̀lú ojú wa. Àmín.