Ta Ni Ó Ni Oorun Aláìsàn?

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a sì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ara wa, a máa ń wí pé, ‘Ó dàárọ̀ o, kí Ọlọ́run jí wa ire.’ Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó há mọ́ wa lọ́fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá kan láàárín wa, ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, tí dókítà sì ti sọ pé ìtọ́jú tí ó kù ni èyí tí yóò máa mú ara tù ú títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Bàbá náà kò bẹ̀rù ikú tó bí ó ti ń bẹ̀rù alẹ́. Ó ní, ‘Òru ni ìrora máa ń bá mi ní èmi nìkan.’

Kí a sọ òtítọ́, àwa gan-an wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó sùn. Ilé jìnnà, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti ilé kì í sábà dé ìhín kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn a wọlé, wọn a jí i: ‘Bàbá, àwa ni o, ẹ wò wá.’ Fóònù a dún ní ago mọ́kànlá alẹ́. Àwa náà a dé lẹ́yìn ìpàdé ìrọ̀lẹ́, a ó kọrin, a ó gbàdúrà (àdúrà wa kì í sì í kúrú), lẹ́yìn náà a ó lọ sùn ní ilé tiwa.

Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wí pé oorun kò ní tán níbi tí Bàbá ń lọ, kí a jẹ́ kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ ná. A kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ṣẹ́kù díẹ̀ fún ènìyàn, ta ni ó ni wákàtí wọ̀nyí, òun ni tàbí àwa?

Ọmọ yìí kan náà ni kò fẹ́ kí wọ́n fún Bàbá ní mọ́fíìnì, nítorí ó gbọ́ pé oògùn náà a máa mú ènìyàn sùn lọ láìjí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Èdè wa pàápàá dá kún un, nítorí àgbà tí ó bá kú ni a ń wí pé ó sùn. Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ń sọ yàtọ̀. Ẹni tí ìrora ti gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀ lè sùn púpọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́fíìnì: gbèsè oorun ni ó ń san, ojú rẹ̀ a sì tún là. Cicely Saunders, tí ó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa fún aláìsàn ní oògùn ní àkókò rẹ̀, kí a má dúró kí ìrora tó dé. Wákàtí 4 sí 4 ni a ń lo èyí tí ó jẹ́ olómi. Dókítà sì lè fi kún ti àkókò àtisùn kí aláìsàn má baà jí lóru. Dexamethasone ńkọ́? Bí a bá lò ó ní ìrọ̀lẹ́, ó lè lé oorun lọ, nítorí náà àárọ̀ ni ó dára jù fún un. Ta ni nínú wa tí ó béèrè rí?

Síbẹ̀ oògùn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ilé tí a kò parí ní ìlú ẹni, owó ilé-ìwé ọmọ, wọ̀nyí náà a máa lé oorun. Ní òru kan Bàbá bi wá pé ìhín ni a ó sin òun sí ni, tàbí ilé. A ní, ‘Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ara yín yóò yá.’ Ó yíjú sí ògiri. A rò pé ó ti sùn. Kò sùn.

Ní èrò tiwa, ẹni tí ń jẹ ìrora ni ó ni òru náà. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí kò sí ohun mìíràn tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ìrora àfi oorun oògùn, ó yẹ kí a ti gbọ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó dákẹ́. Nígbà tí a bi Bàbá níkẹyìn, kò ṣòroó dáhùn: kí wọ́n fún òun ní oògùn náà, kí àlejò máa wá ní àárọ̀, kí ẹnìkan máa jókòó ti òun lóru láìsọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ gbà. Òun náà ni ó sì sọ fún un pé ilé ni wọn yóò gbé e lọ.

Alẹ́ Ọjọ́rú ni ó kàn wá láti jókòó. A pa fóònù, a dín iná kù. Òun ni ó kọ́kọ́ wí pé, ‘Ó dàárọ̀ o.’