Ẹni Tí Ó Padà Sí Wíwá Ìṣúra



Ní ọjọ́ 3 oṣù Kárùn-ún ọdún 2000, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé garawa kan pamọ́ sínú igbó ní Oregon, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó fi ìwé sínú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí i lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Báyìí ni eré tí a ń pè ní geocaching ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ni ó ń tọ́ olùwá sọ́nà.

Àwọn mìíràn a pa eré yìí tì fún ọdún púpọ̀, kí wọn tó padà sí i. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tan ẹ̀rọ rẹ̀, yóò rí i pé sátẹ́láìtì kò dákẹ́. Òun ni ó pa ẹ̀rọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtòsí ni ẹ̀rọ ń mú ni dé. Dandan ni kí olùwá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a.

Ìwọ tí o ti pẹ́ tí o kò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá ọ dúró. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kò fi ìgbà kan dákẹ́. Orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé Ìrìbọmi. Oore-ọ̀fẹ́ náà ni ó mú ọ dé ẹnu ọ̀nà ìjẹ́wọ́. Ìwọ ni yóò kúnlẹ̀. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Dìde, kí o padà sílé Baba rẹ. Àmín.