Ojú Irin àti Ilé Ìjọsìn ní Struer

Ìbéèrè pàtàkì tí ìtàn Struer, ìlú kékeré kan ní Jutland lórílẹ̀-èdè Dẹ́nímáàkì, gbé dìde ni pé kí ló ń sọ àwùjọ di ìlú: ṣé ìjọsìn ni, àbí iṣẹ́ oòjọ́? Ní àwọn abúlé àtijọ́ ibẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé máa ń yí ká, ṣùgbọ́n ní stationsby, ìyẹn ìlú tó dàgbà yí ibùdókọ̀ rélùwéè ká, ibùdókọ̀ ló ṣáájú. Ojú irin dé Struer ní 1865. Abẹ́ ìjọ Gimsing ni ìlú náà sì wà kí ó tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ní 1891, lẹ́yìn náà ni ó di købstad, ìlú ọlọ́jà tí òfin fọwọ́ sí, ní 1917. Lóòótọ́, iṣẹ́ oòjọ́ ló ń lé ebi lọ, bí ebi bá sì kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Síbẹ̀, iṣẹ́ nìkan kò tó ènìyàn.