Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá, Àgbà Òṣìkà

  Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà ìdìbò ọdún 2023, a sì rí i pé kò yẹ kí a gbé e mì.

Ní àkókò ìdìbò náà, bí a bá parí ìpàdé tí a sì jókòó láti jẹun, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni a máa ń sọ. Ẹgbẹ́ kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń ṣe. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ẹlòmíràn ni òun fẹ́ dìbò fún, ó sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. A kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé, ẹnìkan tilẹ̀ bi í pé èló ni wọ́n fún un. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kò wá sí ìpàdé. Oṣù kejì, a kò rí i. Nígbà tí a lọ kí i nílé, ó fún wa ní omi mu, ó sì béèrè àwọn ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rárá.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ ó burú kí ènìyàn dúró gbọn-in ti ẹgbẹ́ tí ó gbàgbọ́ pé ó tọ́? Bí kò bá burú, níbo ni a ti ṣẹ̀?

Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá jọ wà nínú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjà tó dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, títí àwọn ọlọ́pàá fi fi tajútajú lé wọn jáde. Nígbà tó di ọdún 1964, àwọn Akíntọ́lá ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀. Kò tán síbẹ̀. Olúkúlùkù ní ìwé ìròyìn tirẹ̀. Awólọ́wọ̀ ti dá Tribune sílẹ̀ láti ọdún 1949. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì dá Sketch sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ẹni tó bá ń ka ọ̀kan tí kò ka èkejì lè jí lójoojúmọ́ kí ó máa gbọ́ kìkì ohun tó ti gbàgbọ́ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èrú wọ inú rẹ̀, inú sì bí wọn. Ìgbà náà ni wẹ́tìẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé, wọ́n ń dà á sí ara ènìyàn, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Rògbòdìyàn náà kò rọlẹ̀ títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wò ó. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ìyàwó àti ọmọ tó wà nínú ilé tí wọ́n ń sun, ṣé àwọn ló ka ìbò? Aládùúgbò kì í sì í dédé gbé epo lọ sí ilé aládùúgbò rẹ̀. Ẹnu ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a ń pè ní Bàbá Lágbájá lánàá, bí a bá ti sọ ọ́ di Dẹ́mọ̀ lásán, a ti gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó kù láti gbà kò ní í ṣòro mọ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá jókòó, tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, a máa ń rò pé ẹlẹ́rìí ọgọ́rùn-ún ni a ní. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ẹnìkan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n. Ìyá tí a fi ẹ̀rín lé lọ yẹn, bóyá òun nìkan ni ì bá fi àṣìṣe wa hàn wá.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ṣé kí a wá máa pọ́n irọ́ lé ni?” Rárá o. Gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà. Adájọ́ a máa gbọ́ ti olè, kì í sì í torí bẹ́ẹ̀ dá a sílẹ̀. Àwọn àgbà kò sọ pé kí a má dá ẹjọ́. Wọ́n ní kí a má fi etí kan dá a.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a kúkú fi òfin de ọ̀rọ̀ òṣèlú láàárín wa. Èyí náà kò tọ̀nà. Owó gàárì, owó ilé ìwé, oògùn ní ọsibítù, òṣèlú ni gbogbo rẹ̀. Bí àwọn ìyá Abẹ́òkúta bá ti panu mọ́ lórí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, Aláké kì bá tí fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949. Nínú ẹgbẹ́ tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ yẹn, ọlọ́jà àti ọ̀mọ̀wé ni wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì gbọ́ ti ara wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí a má fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú pe ẹnikẹ́ni. Kí a má bi ẹnikẹ́ni pé èló ni wọ́n fún un, bí a kò bá rí owó náà lójú wa. Kí a tó fèsì, kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni náà sọ, títí yóò fi wí pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn.”

Ìyá wa yẹn ti padà wá sí ìpàdé. A bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò gbé àwo oúnjẹ rẹ̀, yóò dìde lọ sí ìdí iná. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbèsè wa ni, kí ìdìbò mìíràn tó dé, kí a pè é jókòó, kí a sì bi í ní ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà.