Àdán Ò Ṣe Eku, Kò Ṣe Ẹyẹ

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá lọ sílé bàbá mi ní Ìgándò, iṣẹ́ méjì ló máa ń dúró dè mí. Bàbá mi á na fóònù wọn sí mi: "Bá mi wo nǹkan tí báńkì tún fi ránṣẹ́ yìí, kó má lọ jẹ́ àwọn gbájúẹ̀." Mi ò ní tíì kà á tán tí àbúrò mi á ti fà mí lápá lọ sí kọ́rídọ̀: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Dádì. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ ọ́."

Ọmọ ọdún 35 ni mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì, sọ́fítíwíà ni mo sì ń kọ jẹun. Ọdún 1957 ni wọ́n bí bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Ọdún 2000 ni wọ́n bí àbúrò mi. Bí bàbá mi bá ń bínú sí "ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí", èmi ni wọ́n ń wò. Bí àbúrò mi bá ń bínú sí "ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ba Nàìjíríà jẹ́", èmi náà ló ń wò. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tèmi wá ń kọ́? Ó ń fi orí ìka kan pẹpẹ, ó sì ti ń há sẹ́nu kèrègbè.

Ó pẹ́ tí mo ti ń káàánú ara mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé àdán ni mí, mi ò ṣe eku, mi ò ṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé irọ́ wà nínú àánú yẹn, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́nà, torí níbẹ̀, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Pew Research Center ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí wọ́n bí láàrin 1981 sí 1996, Millennial ni. Ẹni tí wọ́n bí láti 1997 sí 2012, Gen Z ni. Ọdún 1990 ni wọ́n bí mi, ó parí. Àmọ́ ta ló fa ààlà yẹn, kí ni wọ́n sì fi fà á? Ará Amẹ́ríkà méjì, William Strauss àti Neil Howe, ló gbé orúkọ Millennial jáde nínú ìwé kan ní 1991, ìtàn Amẹ́ríkà ni ìwé náà sì ń sọ. Ọ̀kan lára ohun tí Pew fi ya Millennial sọ́tọ̀ ni pé wọ́n ti gbọ́njú débi tí wọ́n á fi rántí ọjọ́ tí bàálù kọ lu ilé gogoro ní New York, ní September 2001.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Alímọ́ṣọ́, nǹkan mìíràn la fi ń rántí ọdún yẹn. Oṣù kan ṣáájú, ní August 2001, ni GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà. Bó o pe èèyàn tó o kàn ní "hẹlo" lásán, owó odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa yọ, títí Glo fi dé ní 2003 tí wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá làwọn á máa kà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn. Mo ti mú lẹ́tà láti Ìgándò lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ẹgbẹ́dá rí láì mọ̀ bóyá mo máa bá wọn nílé. Mo sì tún wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn kún gbogbo etí títì. Bàbá mi ti lé ní ogójì ọdún kí fóònù tó dé ọwọ́ wọn. Àbúrò mi la ojú bá a ni. Èmi ni mo mọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Karl Mannheim, onímọ̀ àwùjọ kan tí wọ́n bí ní Hungary tó lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, kọ ọ́ ní 1928 pé bíbí ní ọdún kan náà ò tó láti sọ àwọn èèyàn di ìran kan. Ohun tí wọ́n jọ là kọjá ló ń so wọ́n pọ̀. Ó sì tún ní àwọn tó jọ la nǹkan kan náà kọjá lè fi ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò ó.

Àmọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ní nǹkan kan tó tún lé tiẹ̀. Wọ́n ń pè é ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra á kóra jọ, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì ní orúkọ tiẹ̀, bíi Gbọ́baníyì àti Bọ́bagbìmọ̀. Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona, tó wàjà ní July 2025, ló sọ ètò náà dọ̀tun. Ẹ ti rí wọn lórí fóònù yín, lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, tí wọ́n ń jó lọ kí ọba ní Ojúde Ọba nínú aṣọ ẹgbẹ́. Aṣọ yẹn ló ń wu gbogbo wa. Èyí tó wù mí jù ni pé orúkọ náà bá iṣẹ́ rìn. Tó o bá wà nínú ẹgbẹ́, wàá dá owó, wàá bá wọn ṣe nǹkan fún ìlú. Àwọn èèyàn ló fa ààlà ọjọ́ orí yẹn, kò já látọ̀run. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fà á tán, o mọ ohun tó o jẹ ìlú.

Alímọ́ṣọ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sì sí èyí tó pọ̀ tó o ní Èkó. Láti ibi gbogbo la ti wá. Ẹni tó wà ní yàrá kejì sí ẹ, ìlú rẹ̀ yàtọ̀ sí tìẹ. Kò sẹ́ni tó tò wá ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa wá gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ sá, ibi tó dáa láti sá sí ni. Èmi náà sá, àmọ́ mi ò mọ̀ pé mò ń sá, títí di October 2020.

Ẹ̀yin náà rántí. Àwọn ọ̀dọ́ dìde lórí ọ̀rọ̀ SARS. ASUU ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti March, àbúrò mi wà nílé, ọmọ ogún ọdún. Ojoojúmọ́ ló fẹ́ lọ sí ìwọ́de ní Aláúsá. Bàbá mi gbọ́ tí ọmọ kan ń pariwo "Sọ̀rọ̀ sókè, wèrè!" lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pa á. "Ṣé àgbà ni wọ́n ń pè ní wèrè? Kò sẹ́ni tó máa tinú ilé yìí lọ síbẹ̀." Ni àwọn méjèèjì bá pè mí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé kí n bá èkejì sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún bàbá mi pé, "Ó ti gbọ́, Dádì. Kò lọ mọ́. Ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Ìkòtún ló ń lọ, torí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀." Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Dádì ti gbà. Má ṣáà jẹ́ kí wọ́n rí ẹ." Àwọn méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àlàáfíà dé. Mo padà sí yàrá mi ní Ẹgbẹ́dá, mo jókòó ti laptop mi, inú mi ń dùn pé mo gbọ́n.

Nígbà tó di October 20, ìjọba Èkó kéde kónílé-ó-gbélé. Wọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún sún un sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Nígbà tí ìròyìn pé àwọn sójà ń yìnbọn ní Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í jà kiri, bàbá mi pe fóònù àbúrò mi, kò lọ. Wọn ò pè mí. Kí ni wọ́n fẹ́ pè mí sí? Wọ́n ṣáà mọ ibi tó wà. Èmi ni mo sọ fún wọn. Ọkùnrin ọmọ ọdún 63 wọ sálúbàtà, ó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń lọ sí Ìkòtún láti lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé tí ọmọ náà ò sí. Kò rí ọkọ̀ padà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wálé, táyà ń jó lójú ọ̀nà.

Ọ̀gbà ni àbúrò mi sùn, lọ́dọ̀ ọmọ kíláàsì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó wọlé, gbogbo wa wà ní pálọ̀, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé bàbá mi máa pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn tó wú, wọ́n ní, "Èmi náà jáde ní 1993."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Gbogbo wa mọ̀ pé ìjọba ológun fagi lé ìbò June 12. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé nígbà tí Campaign for Democracy ní káwọn èèyàn jáde ní July, bàbá mi wà lára àwọn tó jáde. "Ìyá yín rò pé ilé ìwé ni mo lọ." Àwọn àti tíṣà kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni ni wọ́n jọ lọ. Sójà yìnbọn. Bàbá mi nìkan ló padà wálé.

Àbúrò mi ní, "Dádì, ẹ ò sọ fún wa rí."

Wọ́n ní, "Ta ló bi mí?"

Ọdún márùn-ún ti kọjá, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ẹni tó mọ̀ nípa ìwọ́de jù wá lọ wà nínú ilé. Ẹni tó nílò ohun tó mọ̀ wà nínú ilé kan náà. Èmi ni mo dúró láàrin wọn tí mi ò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Níbi iṣẹ́ wa, tí ètò kọ̀ǹpútà kan bá wà láàrin méjì tó ń gbé àṣìṣe mì láì sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ló burú jù. Èyí tó kọṣẹ́ ní gbangba sàn jù ú, torí gbogbo nǹkan á máa dà bí ẹni pé ó dáa, títí dọjọ́ tí kò ní dáa mọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ là ń sọ, ṣebí alárinà gbọ́dọ̀ pa ẹnu pọ́n ọ̀rọ̀. Mo gbà. Ó yẹ kí n yọ "wèrè" kúrò kí ọ̀rọ̀ tó dé etí bàbá mi. Kò yẹ kí n yọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Alárinà tó dẹ ọ̀rọ̀, ó ṣe dáadáa. Èyí tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀, ara ẹ̀ ló ń ṣe é fún.

Ara mi ni mo ṣe é fún lóòótọ́. Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ní kékeré, tí wọ́n bá ń gba owó orí lọ́wọ́ eku, àdán á ní ẹyẹ lòun, ṣé ẹ ò rí ìyẹ́ ni? Tó bá kan àwọn ẹyẹ, á ní eku lòun, ṣé ẹ ò rí eyín ni? A máa ń pa á bí ẹni pé wọ́n lé àdán kúrò níbi méjèèjì. Àmọ́ ẹ tún un gbọ́: àdán ò san owó fẹ́nikẹ́ni. Ní 2020, mi ò lọ sí ìwọ́de. Mo ní mo ti dàgbà, mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Mi ò sì ṣe bí ẹ̀gbọ́n, kí n wo ojú àbúrò mi kí n sọ ohun tí mo rò. Mo ní ọ̀dọ́ lèmi náà, mi ò lè dá a lẹ́kun. Ìyẹ́ ní ọwọ́ ọ̀tún, eyín ní ọwọ́ òsì. Mò ń pe ìyẹn ní ìyà.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 36 ni bàbá mi ní July 1993. Ọdún kan péré ló kù kí n tó o. Ẹni tí mò ń pè ní ìran àwọn àgbà, àárín lòun náà wà lọ́jọ́ yẹn, ó ní bàbá lókè, ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta nílé. Kò sí ìran tí kò gba àárín kọjá. Torí náà, "ìran wo ni mo wà?" kì í ṣe ìbéèrè tó yẹ kí n máa bi ara mi mọ́. Èyí tó yẹ ni ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́: owó wo ló kàn mí láti dá, ṣé mo sì ti dá a?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi tún fà mí lápá lọ sí kọ́rídọ̀. Ó fẹ́ jápa. "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún Dádì." Mo ní, "Máa bọ̀, ká jọ lọ." A jókòó ní pálọ̀. Ó sọ tiẹ̀, bàbá mi sọ tiwọn, ohùn sì ròkè. Mi ò túmọ̀ nǹkan kan. Ìgbà tó yá, bàbá mi yíjú sí mi. "Ìwọ ń kọ́? Kí lo rò?"

Ẹnu mi wúwo. Mo sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ kó lọ. Mo ní kì í ṣe torí Nàìjíríà, torí tèmi ni: tó bá lọ, èmi nìkan ni ilé yìí máa kù lé lórí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àbúrò mi ò wo ojú mi. Mo rò pé ó ń bínú. Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa bínú bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bàbá mi mú fóònù wọn nílẹ̀, wọ́n na báńkì sí mi bí ìṣe wọn. "Ó dáa," wọ́n ní. "A ti gbọ́ tìẹ."